Àtíbàbà Tí Àdúgbò Yóò Mọ̀ Ní Tirẹ̀: Ọ̀rọ̀ Lórí Ibùdókọ̀ Gulfton

  

Ìgbìmọ̀ tó ṣètò àjọ̀dún ẹgbẹ́ wa ní Houston ní kí n sọ̀rọ̀ lórí àtíbàbà ibùdókọ̀: báwo la ṣe ń ṣe é tí yóò fi bá ìwà àdúgbò mu? Wọ́n ní kí àdúgbò Gulfton jẹ́ àpẹẹrẹ. Ẹlòmíràn yóò máa rò ó lọ́kàn pé kí ló kan ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá kan àtíbàbà, nígbà tí ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú, owó ilé àti ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ṣì ń jó wa lábẹ́ aṣọ. N kò jiyàn pé àwọn yẹn ṣe pàtàkì. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ohun tí ìjọba ń kọ́, díẹ̀ ni ẹni tí kò ní mọ́tò ń fojú kàn lójoojúmọ́. Ó lè lo ọdún kan láì wọ gbọ̀ngàn ìlú. Ibùdókọ̀ ló ń dé láàárọ̀ àti lálẹ́, ibẹ̀ ló sì ti ń mọ̀ bóyá ìlú kà á sí èèyàn.

Ohun tí mo wá sọ kò lọ́jú pọ̀. Bí a bá fẹ́ kí àtíbàbà jọ àdúgbò, bí àwọn ará àdúgbò ṣe ń dúró ni kí a kọ́kọ́ wò: ta ló ń dúró, ní aago mélòó, ẹrù wo ló gbé dání, òòrùn apá ibo ló ń pa á? Ọ̀dà, àwòrán àti àsíá lè tẹ̀lé e. Bí wọ́n bá ṣíwájú, ẹ̀tàn lásán ni.

Bí Gulfton ṣe di Gulfton

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Gulfton wà ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Houston, láàrin òpópónà márosẹ̀ 59 àti Bellaire Boulevard. Hillcroft wà ní apá ìwọ̀-oòrùn rẹ̀, ìlú kékeré tó ń jẹ́ Bellaire sì wà ní ìlà-oòrùn. Láàrin àwọn ọdún 1960 àti 1970, nígbà tí owó epo rọ̀bì ń wọlé wìtìwìtì, àwọn onílé kọ́ fúláàtì síbẹ̀ lọ súà fún àwọn ọ̀dọ́ tí ń wá iṣẹ́ wá láti àríwá Amẹ́ríkà. Wọ́n ṣe odò ìwẹ̀, wọ́n ṣe gbọ̀ngàn fàájì, wọ́n ṣe ibi ìgbọ́kọ̀sí tó fẹ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Ayálégbé tí wọ́n ń retí ní mọ́tò, nítorí náà wọn kò yọ ara wọn lẹ́nu lórí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, wọn kò sì ya ilẹ̀ púpọ̀ sọ́tọ̀ fún pápá ìṣeré. Ọ̀nà jìn síra wọn. Láti ẹnu géètì fúláàtì dé oríta, ìrìn gidi ni.

Nígbà tí owó epo já wálẹ̀ láàrin àwọn ọdún 1980, àwọn ọ̀dọ́ olówó oṣù wọ̀nyẹn kó ẹrù wọn lọ. Fúláàtì ṣófo. Àwọn onílé bá gé owó ilé, wọ́n sì ń wá ayálégbé láàrin àwọn tó sá fún ogun El Salvador àti Guatemala, àti àwọn tó ti Mẹ́síkò àti Honduras wá wá iṣẹ́. Yàrá tí wọ́n kọ́ fún àpọ́n kan di ilé ìdílé. Lẹ́yìn wọn ni àwọn ará Áfíríkà àti Éṣíà náà dé. Lónìí, Gulfton wà lára àwọn àdúgbò tí èrò pọ̀ sí jù ní Houston, ọ̀pọ̀ ìdílé ibẹ̀ kò sì ní mọ́tò kankan. Ilé kò yí padà, títì kò yí padà. Àwọn tó ń lò wọ́n ló yí padà. Gbogbo wàhálà ibùdókọ̀ Gulfton, inú àlàfo yìí ló ti jáde.

Ìjọba kò ṣàì mọ̀. Ní 2017, Sylvester Turner tó jẹ́ olórí ìlú nígbà náà fi Gulfton kún àdúgbò márùn-ún àkọ́kọ́ tí ètò Complete Communities yóò gbájú mọ́. Ní oṣù Kọkànlá 2019, àwọn olùdìbò fọwọ́ sí i pé kí METRO, àjọ ọkọ̀ èrò Harris County, yá tó bílíọ̀nù mẹ́ta àbọ̀ dọ́là fún ètò METRONext. Iṣẹ́ tó tóbi jù nínú rẹ̀ ni ọ̀nà bọ́ọ̀sì ayára University Corridor, tí ìbá gba apá ọ̀dọ̀ wa níbí. Ní 2024, METRO gbé iṣẹ́ náà tì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dun àwọn kan nínú gbọ̀ngàn yìí. Ẹ jẹ́ kí a fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mìíràn. Ohun tó kàn wá lónìí ni pé nígbà tí ọkọ̀ tuntun kò tíì wá, ibi tí a ti ń dúró de ọkọ̀ tó wà ló kù tí a lè tún ṣe láìpẹ́. METRO fúnra rẹ̀ ti gbé iṣẹ́ àtúnṣe kalẹ̀ fún Gulfton, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ àti àtíbàbà sì wà nínú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìbéèrè nípa bí yóò ṣe rí fi bọ́ sí àsìkò.

Òòrùn ìrọ̀lẹ́ ní Renwick

Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹjọ 2020, àwọn olùyọ̀ǹda-ara-ẹni wa mọ́tò káàkiri Houston àti Harris County pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń wọn ooru. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, Gulfton ló gbóná jù lọ: ìwọ̀n 103 lórí òṣùwọ̀n Fahrenheit. Channelview ló tutù jù, ní ìwọ̀n 86. Harris County kan náà ni, ọjọ́ kan náà ni, ìyàtọ̀ wọn sì tó ìwọ̀n 17. Igi kò pọ̀ ní Gulfton, ọ̀dà títì àti ibi ìgbọ́kọ̀sí ló bo ilẹ̀, wọ́n ń mu ooru láàárọ̀, wọ́n ń pọ̀ ọ́ lọ́sàn-án. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó bi mí pé kí ni ìwà àdúgbò yìí, ooru ni n ó kọ́kọ́ dárúkọ. Orin, oúnjẹ àti èdè á tẹ̀lé e.

Bẹ́ẹ̀ sì ni, kí a kàn ní òrùlé kò tó. Àwọn onímọ̀ ní UTHealth Houston wọn ooru ní àwọn ibùdókọ̀ ìlú yìí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn 2023. Wọ́n rí i pé àtíbàbà tí wọ́n fi ike tó mọ́ gaara bí díńgí ká lẹ́gbẹ̀ẹ́ lè mú kí inú rẹ̀ gbóná ju ìta gbangba lọ, nígbà tí abẹ́ igi tutù dáadáa. Ẹ ro ìyẹn wò. Owó ìlú ni wọ́n ná, èrò sì sàn lójú títì ju inú rẹ̀ lọ. Ike yẹn kò burú ní ìlú tí òtútù àti yìnyín ti jẹ́ ọ̀tá. Ní Houston, ẹni tó jókòó sínú rẹ̀ ti wọ ààrò. Àjòjì lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Àtíbàbà tí a kò ṣe fún ibi tó wà náà, àjòjì ni.

Ẹ jẹ́ kí a mú Renwick, níbi tí bọ́ọ̀sì 32 ń gbà. Láti àríwá sí gúúsù ni títì náà lọ. Ní oṣù Kẹfà, òòrùn Houston máa ń dé àtàrí lẹ́yìn aago kan ọ̀sán, òrùlé èyíkéyìí á sì bo ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀ nígbà náà. Ṣùgbọ́n aago kan kọ́ ni àwọn òṣìṣẹ́ ń darí bọ̀. Nígbà tó bá di aago márùn-ún àbọ̀, òòrùn ti yẹ̀ sí ìwọ̀-oòrùn. Òjìji òrùlé tó ga ní mítà méjì àbọ̀ á ti sún lọ sí ìlà-oòrùn tó bíi mítà mẹ́ta àbọ̀. Ní ẹ̀gbẹ́ kan títì, ojú ọ̀dà ni òjìji náà bọ́ sí, táyà mọ́tò ló ń jẹ ìgbádùn rẹ̀. Ní ẹ̀gbẹ́ kejì, ó ti wọ inú ọgbà fúláàtì tó wà lẹ́yìn. Ẹni tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì ń pa ojú dé, ó ń fi ọ̀rá ọjà bo orí. Ti Bellaire Boulevard yàtọ̀: ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn ni ó lọ, nítorí náà bí a bá gbé bẹ́ǹṣì sí ìparí òrùlé ní apá ìlà-oòrùn, òjìji ìrọ̀lẹ́ á bá a níbẹ̀. Ní Renwick, àfi kí a fi nǹkan dí apá ìwọ̀-oòrùn: irin oníhò wẹ́wẹ́ tí afẹ́fẹ́ á gba inú rẹ̀ kọjá, tí èrò á sì lè máa yọjú wo bọ́ọ̀sì tó ń bọ̀. Títì méjì nínú àdúgbò kan, kò yẹ kí àtíbàbà wọn jẹ́ ọ̀kan náà.

Òòrùn nìkan kọ́. Ẹni tó ń lọ tún yàrá ṣe ní òtẹ́ẹ̀lì tàbí tó ń lọ síbi iṣẹ́ bíríkìlà máa ń jáde kí ilẹ̀ tó mọ́. Iná ló nílò, iná tó mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí awakọ̀ á fi rí i. Ìyá tó ń bọ̀ láti ilé ìfọṣọ ní báàgì aṣọ méjì, ọmọ kan lọ́wọ́, òmíràn nínú kẹ̀kẹ́. Àyè tó ṣófo lábẹ́ òrùlé wúlò fún un ju bẹ́ǹṣì gígùn lọ. Ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ arọ náà nílò àyè yẹn, kì í ṣe kí wọ́n fi í sílẹ̀ sí ìta òjìji. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ń rọ́ dé lẹ́ẹ̀kan náà. Bí a bá kó gbogbo èyí jọ, àwòrán àdúgbò ti bẹ̀rẹ̀ sí í hàn láì tíì ṣí agolo ọ̀dà kankan.

Ọnà ara òpó

Ǹjẹ́ mò ń sọ pé kí a gbàgbé ẹwà? Rárá o. Ẹni tó bá sọ fún tálákà pé òrùlé tó ò ń wá ni mo fún ọ yẹn, má bi mí nípa ẹwà, kò bọ̀wọ̀ fún un. Ibi tí a ń fi ẹwà sí ni àríyànjiyàn mi.

Àwọn baba wa dáhùn ìbéèrè yìí tipẹ́. Láàrin 1910 àti 1914, Olówè ará Ìsẹ̀ gbẹ́ àwọn òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀ fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì. Ọ̀kan nínú wọn wà ní Art Institute of Chicago báyìí, ẹni tó bá ráyè lọ kó lọ wò ó. Ọba jókòó sórí ìtẹ́ pẹ̀lú adé. Olorì àgbà dúró gbọnrangandan lẹ́yìn rẹ̀, ó sì ga ju ọba lọ fíofío. Gbogbo ẹni tó bá wọ àgbàlá yẹn á kà á lára igi pé ọba kì í dá jọba, ẹnì kan ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Olówè kò lọ kàn án mọ́ ògiri bí àwòrán. Ara òpó ló fi í sí, ibi tí ilé ti ń tẹ ilẹ̀.

Ẹ fi èyí wé Krumbach, abúlé kan ní Austria tí èèyàn ibẹ̀ tó bí ẹgbẹ̀rún kan. Ní 2014, ayàwòrán-ilé méje láti ilẹ̀ òkèèrè ya àtíbàbà méje fún wọn. Ti Sou Fujimoto ará Japan jẹ́ ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ tó dúró bí igbó, àtẹ̀gùn igi sì ń yí gòkè láàrin wọn. Ó wuni ní wíwò, àwọn arìnrìn-àjò ń tìtorí rẹ̀ wá. Ṣùgbọ́n bí òjò bá dé, ẹni tó wà níbẹ̀ á tutù. Krumbach lè gbà á mọ́ra, torí àlejò ni wọ́n ń wá. Gulfton kò wá àlejò; àwọn ará ilé ló ń jẹ òòrùn níbẹ̀.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn mi ni pé kí ọnà Gulfton wà lára nǹkan tó ń ṣiṣẹ́. Irin oníhò tí mo ní kí a fi dí òòrùn Renwick, ẹ̀rọ ló ń lu ihò rẹ̀. Irú ihò tí a bá fẹ́ ló lè lù. Ó lè jẹ́ àwòṣe aṣọ híhun àwọn obìnrin Guatemala, ó lè jẹ́ ti àdìrẹ, ó lè jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ àdúgbò. Nígbà tí òòrùn bá ràn án, àwòrán náà á tẹ́ sílẹ̀ lójú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀. Bí ẹnì kan bá wá ní kí a yọ ọnà kúrò torí owó, ibòòji náà á bá a lọ, kò sì sí ẹni tí yóò gbà. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ nìyẹn. A tilẹ̀ ní ẹ̀rí nítòsí: ọgbà àjọ BakerRipley tó wà ní títì Rookin, àwọ̀ ilé rẹ̀ ń tàn yanran, àwọn ará àdúgbò sì fẹ́ràn rẹ̀. N kò rò pé àwọ̀ nìkan ni wọ́n fẹ́ràn. Ẹ̀kọ́, ìtọ́jú ara àti ìrànwọ́ ni wọ́n ń bá níbẹ̀.

Àwọn tí kò gbà

Àtakò kìíní ni owó. Wọ́n á ní kí METRO gbé irú kan ṣoṣo sí ibi gbogbo, ó yá, ó dínwó. Wọ́n ní ẹ̀rí lọ́wọ́ pẹ̀lú: ní 2013, Arlington ní Virginia kọ́ ibùdókọ̀ kan sí Columbia Pike tó ná wọn tó mílíọ̀nù kan dọ́là, àwọn èrò sì ń ráhùn pé òjò ń bá wọn lábẹ́ rẹ̀. Ìjọba ibẹ̀ ní láti dá ètò náà dúró. Mo gba ẹ̀rí yìí wọlé, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn mi ló wà. Ohun tó ba Arlington jẹ́ ni pé ẹwà ṣíwájú ìlò. Kì í ṣe gbogbo egungun àtíbàbà ni mo ní kó yàtọ̀ láti àdúgbò dé àdúgbò. Òrùlé, ìpìlẹ̀ àti bóòtù lè jẹ́ ọ̀kan náà jákèjádò Houston, kó lè rọrùn láti tún ṣe lẹ́yìn ìjì bíi Beryl ti oṣù Keje 2024. Irin ìdíwọ́, ibi tí bẹ́ǹṣì ń kọjú sí àti àyè tó ṣófo ni kí àdúgbò pinnu. Ìyẹn kò ní ná wọn ní mílíọ̀nù kan.

Òdìkejì àṣìṣe Arlington náà wà. Ní oṣù Karùn-ún 2023, Los Angeles ṣí nǹkan kan tí wọ́n pè ní La Sombrita: irin oníhò tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n so mọ́ òpó àmì ibùdókọ̀ láti fúnni ní òjìji lọ́sàn-án àti iná lálẹ́. Ìwádìí lórí bí àwọn obìnrin ṣe ń wọ bọ́ọ̀sì ló bí i, ìbéèrè náà sì dára. Ṣùgbọ́n òjìji rẹ̀ kò tó èèyàn méjì, gbogbo Amẹ́ríkà ló fi ṣẹ̀sín. Òfin kíkọ́ nǹkan sójú títì le níbẹ̀ débi pé ohun tó rọrùn láti so mọ́ òpó ni wọ́n rí ṣe. Kí àwọn aṣojú ìjọba tó wà níbí jọ̀wọ́ fi etí sí èyí: bí ìwé àṣẹ bá le ju òòrùn lọ, ìwé àṣẹ ni kí ẹ tún ṣe.

Àtakò kejì jinlẹ̀ ju ti owó lọ. Ìwà ta ni? Gulfton kún fún ayálégbé. Ẹni tó wà níbẹ̀ lọ́dún yìí lè kó lọ lọ́dún tó ń bọ̀, a sì gbọ́ pé ayálégbé kì í bìkítà. Bí a bá ya àsíá El Salvador, kí ni ará Afghanistan á sọ, kí ni ọmọ Yorùbá tó ń gbé títì Rampart á sọ? Lórí àsíá, mo gbà fún wọn pátápátá; ẹ má ya àsíá kankan. Èyí gan-an ló fi yẹ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ibi ìdúró. Èdè wa lè yàtọ̀, òòrùn aago márùn-ún àbọ̀ kò béèrè ìwé ìrìnnà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ní ti pé ayálégbé kì í bìkítà, ẹ wo Èkó, níbi tí ayálégbé pọ̀ bí eṣú. Òpó àti òrùlé ò sí ní ọ̀pọ̀ ibùdókọ̀ níbẹ̀, síbẹ̀ èrò ti fún wọn lórúkọ: Cele, Onípanu, Charly Boy. Nígbà tí ìjọba ìdàgbàsókè ìbílẹ̀ Bariga sọ Charly Boy di orúkọ olórin Olamide ní 2025, ariwo tó sọ kò kéré. Èèyàn kì í jà lórí ibi tí kò kàn án.

Àtakò kẹta ni wọ́n máa ń fi ohùn kékeré sọ: àwọn aláìnílé á sùn síbẹ̀. Nítorí èyí, wọ́n á fi irin gé bẹ́ǹṣì sí wẹ́wẹ́ kí ẹnikẹ́ni má lè na ara. Ẹni tí kò nílé á wá ibòmíràn sùn. Ìyá ọlọ́mọ ló kù tí kò rí ibi tẹ́ ọmọ sí, àti àgbàlagbà tí ara ń ro tí kò lè fìdí sún. A ń fìyà jẹ èrò ọgọ́rùn-ún kí ẹnì kan má bàa sùn. Ilé ni ìdáhùn fún ẹni tí kò nílé. Ẹ má fi bẹ́ǹṣì dáhùn rẹ̀.

Ó kù ọ̀kan, àwa la sì ń sọ ọ́ láàrin ara wa: èmi ń wa mọ́tò, kí ló kàn mí? Nínú ọgọ́rùn-ún sẹ́ǹtì tí o bá fi ra nǹkan ní ṣọ́ọ̀bù Houston, sẹ́ǹtì kan mìíràn tí ìjọba ń gbà lé e lórí, METRO ló ni ín. Owó rẹ ti wà nínú àtíbàbà náà, bí o bá jókòó sábẹ́ rẹ̀ bí o kò jókòó. Àwọn òbí tí a ń pè wá láti ilé wá bá wa tọ́ ọmọ, tí wọn kò sì lè wakọ̀ níbí, ẹsẹ̀ àti bọ́ọ̀sì ni wọ́n fi ń jáde nígbà tí a bá wà níbi iṣẹ́.

Bí ó ṣe yẹ kó lọ

A kì í fárí lẹ́yìn olórí. Ìpàdé tí wọ́n ń pè fún ará ìlú sábà máa ń bọ́ sí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, nínú gbọ̀ngàn, pẹ̀lú àwòrán mẹ́ta lára ògiri tí a ní kí wọ́n yan ọ̀kan. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ kò lè wá, ẹni tó wá á yan àwọ̀ tó wù ú, wọn á sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé àdúgbò ti sọ̀rọ̀. Ohun tí mo dábàá ni pé kí àwọn ayàwòrán náà wá dúró ní títì Renwick àti Chimney Rock ní aago márùn-ún àárọ̀ àti márùn-ún àbọ̀ ìrọ̀lẹ́, ní oṣù Kẹjọ, kí wọ́n fi lẹ́ẹ̀dì sàmì ibi tí òjìji bọ́ sí, kí wọ́n ka iye kẹ̀kẹ́ ọmọ, kí wọ́n bi awakọ̀ bọ́ọ̀sì léèrè ibi tí kì í ti í rí èrò lókùnkùn. Kí wọ́n ní ògbufọ̀ Sípáníìṣì lọ́wọ́, kí wọ́n sì ní ti èdè mìíràn. Kí wọ́n gbé àtíbàbà onígi kan kalẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kí èrò lò ó, kí wọ́n tó dá irin. Níbi tí àyè bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí wọ́n gbin igi. Ó máa ń pẹ́ kó tó bo èèyàn, ìdí rèé tó fi yẹ kó kọ́kọ́ wọ ilẹ̀.